Ọ̀rọ̀ Open University yìí: sátífíkéètì kọ́ ni wàhálà mọ́

Gbogbo ìgbà tí èsì JAMB bá ti jáde ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbóná ní Ìlọrin, ẹ ó gbọ́ ọ ní Tanke, ẹ ó gbọ́ ọ ní Ọjà Ọba, inú kọ̀rọ́pẹ̀ pàápàá wọ́n á máa jiyàn lórí ẹ̀. Ìyá kan á ní ọmọ òun gba 170, kò lè wọ Unilorin pẹ̀lú kọ́ọ̀sì tó fẹ́, ṣé kó kúkú lọ ṣe Open University. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn á ní ẹ má fi ọmọ yín ṣòfò o, sátífíkéètì yẹn ò ṣe é lò níbì kankan. Ẹnìkẹta á ní irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n òun ti fi gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Kí mọ́tò tó dúró, wọ́n ti pariwo tó, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ṣàlàyé nǹkan kan fún ìyá yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan èèyàn púpọ̀. Ní 2025, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 èsì UTME tó jáde, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 ni kò tó 200. Lóòótọ́ JAMB padà gbà pé àṣìṣe wọ ti Èkó àti ti ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì ní kí nǹkan bíi 380,000 ọmọ tún un ṣe, àmọ́ kódà ká yọ àwọn yẹn kúrò, ọmọ tó kù sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí yunifásítì wa lè gbà lọ. Àwọn ọmọ náà wà nílé, wọ́n jókòó ti POS, wọ́n ń ran ìyá wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, òbí wọn ò sì sùn.

Mo fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa torí mo rí i pé ìbéèrè tí à ń bi ara wa kọ́ ló yẹ ká máa béèrè. A ń béèrè pé ṣé sátífíkéètì NOUN (Open University yìí náà ni) tó ti Unilorin. Òfin ti dáhùn ìyẹn láti 2018. Ohun tí kò sí ẹni tó ń sọ fún àwọn òbí ni ohun tó wà láàárín ọmọ àti sátífíkéètì ọ̀hún: ìwé tí èèyàn á dá kà fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán láìsí ẹni tó máa lé e, owó tí kì í tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ọ̀nà, pàápàá fún àwọn èèyàn wa ní Kwara South.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ NOUN. National Open University of Nigeria ni, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, bí Unilorin ṣe jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, kan náà ló sì ń yẹ kọ́ọ̀sì àwọn méjèèjì wò. Victoria Island l'Ékòó ni olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, Jabi l'Abuja ló wà báyìí. Ká ní iye akẹ́kọ̀ọ́ la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, kò sí yunifásítì tó tóbi tó o ní Nàìjíríà. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé kò ní ibì kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ jókòó sí. Study centre ló ní, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò ní, Ìlọrin náà sì ní. Kódà ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń kàwé níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ wọn, èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Study centre kì í ṣe kámpọ́ọ̀sì o, ibi tó ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú nìyẹn. Kámpọ́ọ̀sì ni ibi tí kíláàsì wà, tí lẹ́kítọ̀ ń wọlé, tí ọmọ ń sùn sí hostel, bíi ti KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Màlété ní 2009, tí wọ́n sì ti ní in lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ pé á ní ẹ̀ka ní Òsì àti ní Ilésà-Bàrùbá. Study centre, ọ́fíìsì ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ojúlówó ìwé yín kí wọ́n tó gbà yín, ibẹ̀ ni counsellor wà, ibẹ̀ lẹ ti ń ṣe ìdánwò. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò, ẹ lè rò pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Wọ́n wà. Ilé ni wọ́n wà, ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà, wọ́n wà lẹ́nu ọjà.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn satellite campus ayé ọjọ́sí, èyí tí àwọn yunifásítì kan ń fi orúkọ wọn sí ilé kan ní ìlú tó jìnnà sí wọn, tí wọ́n ń gba owó, tí ìjọba àpapọ̀ sì padà fòfin dè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Ẹni tó jóná níbẹ̀ ní ìgbà yẹn, mi ò bá a wí tó bá ń fura sí yunifásítì tí kò ní géètì ńlá. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. NOUN ní òfin tirẹ̀ tó gbé e dìde.

Òfin náà sì ní ìtàn. Kíka ìwé láti ilé kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa, àwọn tíṣà ayé àtijọ́ mọ Wolsey Hall tó wà ní Oxford, ìwé á wá nínú post office, wọ́n á kà á lálẹ́ pẹ̀lú àtùpà, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, wọ́n á dá a padà sí ìlú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe gba GCE tó sọ wọ́n di ọ̀gá. Unilag bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1974. NTI ní Kaduna, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, dé ní 1976, tíṣà Grade II tó ti ń kọ́ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì fi di ẹni tó ní NCE láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Òró tàbí ní Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n mọ NTI dáadáa. Ti Ibadan tẹ̀ lé e ní 1988.

Open University fúnra rẹ̀, July 1983 ni òfin rẹ̀ jáde nígbà ìjọba Shehu Shagari. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ológun dé, Buhari ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ní April 1984 wọ́n dá a dúró. Nǹkan tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ti ní tiwọn láti 1969. India dá tiwọn, IGNOU, sílẹ̀ ní 1985, ẹ̀yìn tiwa ni, àmọ́ wọn ò tì í pa, lónìí wọ́n ń ka akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní mílíọ̀nù. Àwa fi ilẹ̀kùn tiwa dè títí Obasanjo fi padà dé, tó jí òfin náà dìde ní 2001, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ gidi ní 2002, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olugbemiro Jegede sì ni vice-chancellor àkọ́kọ́. Ẹ wo gbogbo àwọn tí ì bá ti kàwé láàárín 1984 sí 2002 tí wọn ò rí ọ̀nà.

Obasanjo ò sì dá a sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì nìkan. Nígbà tó kúrò lórí oyè, òun náà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba PhD nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní January 2018. Ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ohun yòówù kí èèyàn rò nípa òṣèlú ẹ̀, mo gbà pé ìyẹn ló la ojú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pé ọjọ́ orí ò dí ìwé lọ́wọ́.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ Open University tó kan àwa ará Ìlọrin lára, ìdí ẹ̀ sì wà. Lẹ́yìn wàhálà 2001 tí wọ́n lé lẹ́kítọ̀ 49 kúrò ní Unilorin, àwọn tí Supreme Court padà dá láre ní 2009, ọ̀pọ̀ ọdún ni Unilorin fi wà lọ́tọ̀ sí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn lẹ́kítọ̀ yunifásítì. Tí ASUU bá daṣẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo ilé ìwé wà ní títì, Unilorin ń kàwé lọ. Òbí láti Èkó, láti Ọ̀ṣun, ń rọ́ ọmọ wá síbí torí pé ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin náà ni. Nígbà tó wá padà sínú ASUU, àwa náà jẹ nínú ẹ̀. 2020, láti March dé December. 2022, láti February dé October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Inú oṣù mẹ́jọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìlọrin kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ Open University.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́? Kredit márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, ìjókòó kan tàbí méjì, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Maths náà fún èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀sì. Wọn ò ní béèrè pé èló lo gbà nínú UTME. Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé "kò sí JAMB níbẹ̀", wọ́n sì ń ṣi ara wọn lọ́nà, torí ìdánwò ni kò sí, orúkọ ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ JAMB tó bá fẹ́ di àgùnbánirọ̀ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń jáde kó tó máa sáré kiri nítorí ìyẹn, ó máa ń gba àkókò, ó sì máa ń gba owó. Ẹni tó ti ní NCE tàbí OND lè wọlé sí 200 level.

Tí wọ́n bá ti gbà yín, sẹmẹ́sítà kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa forúkọ sílẹ̀. Wọ́n máa ń pè é ní 2025_1, 2025_2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mú kọ́ọ̀sì tí agbára yín ká, unit tí kọ́ọ̀sì ní ló ń sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò yàtọ̀ sí ti kọ́ọ̀sì, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní owó ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó. Ọmọ tuntun ló máa ń kó sí èyí jù lọ, á ti kàwé tán, á dé ibi ìdánwò, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ìwé kíkà gan-an, course material ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa wà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, PDF ni, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé tíṣà ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ìbéèrè wà láàárín ẹ̀ tí ẹ máa dán ara yín wò. Lẹ́yìn ẹ̀ ni TMA, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún yín ṣe nílé kí ìdánwò tó dé. Mẹ́ta ni fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá, àpapọ̀ ẹ̀ 30, ìdánwò ló ní 70 tó kù. Orí portal lẹ ti máa ṣe TMA, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń tì í. Tí wọ́n bá ti tì í, 30 yẹn ti lọ nìyẹn, tẹ́ ẹ bá wá gba 55 nínú 70, tó yẹ kó dùn mọ́ yín, 55 náà lẹ wà. Mo ń tẹ ẹnu mọ́ TMA torí pé òun ni èyí tó rọrùn jù lọ láti gbà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ń sọ nù. Ìdánwò fún 100 àti 200 level, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é. Láti 300 lọ sókè, bírò àti ìwé ni, POP ni wọ́n ń pè é, ẹ máa kọ ọ́ títí ọwọ́ á fi ro yín. Kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀, ẹ máa tún un san, ẹ máa tún un ṣe.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ ò rí ibi tí mo ti sọ pé lẹ́kítọ̀ kan máa pè yín. Kò sí. Facilitation, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ sí, kò sì sí ẹni tó máa béèrè pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá. Ní Unilorin, ọmọ tó ń ṣọ̀lẹ ṣì ń rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń sáré lọ sí lẹ́kíṣọ̀, rúmùmeètì ẹ̀ á ní ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì o, ìtìjú á mú un gbé ìwé. Ẹni tó ń ṣe NOUN nínú yàrá ẹ̀ ní Gaa Akanbi, kò sí ẹni tó máa rán an létí àfi òun fúnra rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń dá oko ló rí, ilẹ̀ wà, ọkọ́ wà, àmọ́ kò sí ẹni tó máa jí ọ láàárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí èmi fi gbà pé ilé ìwé yìí, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, tó sì bá a mu jù lọ. Ẹ wo nọ́ọ̀sì. Ẹni tó jáde ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì Òkè-Òdè, tó ń ṣiṣẹ́ ní General Hospital, kò lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kó lọ jókòó sí yunifásítì nígbà tí ọmọ ń béèrè owó ilé ìwé. Kọ́ọ̀sì Nursing tí NOUN ní, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tí kò bá tíì jẹ́ registered nurse, wọn kì í gbà á síbẹ̀. Ẹ wo tíṣà tó ní NCE tó fẹ́ B.Ed., ẹ wo ọlọ́pàá tàbí ẹni tó wà ní Civil Defence tó ń ṣe Criminology and Security Studies, ẹ wo akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó rí i pé digirí wà nínú Cooperative and Rural Development. Àwọn kọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa rí ní gbogbo yunifásítì, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ lórí iṣẹ́ tí èèyàn ti ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́, tó bá ka ìwé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń kà, kì í pẹ́ yé e.

Ọmọ ọdún 17 tí JAMB já kulẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní kó má lọ. Àwọn tó ṣe é tó sì yọrí wà. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má gbà á bí ibi tí ẹ máa gbé ọmọ sí kó má baà jókòó lásán. Tí ọmọ yẹn kò bá lè dá jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì lónìí, digirí tí kò ní lẹ́kítọ̀ kò ní kọ́ ọ. Ẹ máa mọ ọjọ́ tí TMA ẹ̀ ń tì. Ẹ jókòó tì í tó bá ń forúkọ ìdánwò sílẹ̀. Ẹ wá àwọn méjì mẹ́ta míì ní àdúgbò tí wọ́n jọ wà ní kọ́ọ̀sì kan náà kí wọ́n máa pàdé lọ́jọ́ Sátidé, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, mo ti rí i. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó tún JAMB ṣe, tàbí kó lọ sí Kwara Poly, tàbí Federal Poly Ọ̀fà, níbi tí ẹlòmíì á ti máa wò ó.

Ẹ jẹ́ n padà sí ọ̀rọ̀ sátífíkéètì torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ wà. Òfin NOUN ti tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi ojú yunifásítì gidi wo ilé ìwé náà, wọ́n ń kà á sí ìwé tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ́, ìyẹn ni NYSC fi ń kọ̀ láti pe àwọn tó jáde níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń jáde ní ọmọ ọdún 24, 25, wọn ò lè sin ilẹ̀ baba wọn, ibi iṣẹ́ tó bá sì béèrè NYSC á ní kí wọ́n padà. Wọ́n pariwo fún ọdún púpọ̀. Ní 2018, Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà, ẹni kan náà tí ìjọba rẹ̀ dá ilé ìwé yìí dúró ní 1984. Àtúnṣe yẹn ní agbára àti iṣẹ́ tí àwọn yunifásítì ìjọba yòókù ní, NOUN náà ní in. Láti 2019 ni NYSC ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ibẹ̀. Ẹni tí kò tíì ju 30 lọ nígbà tó gboyè á lọ sí camp, ẹni tó ti jù ú lọ á gba ìwé exemption, bó ṣe wà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Tí ẹnì kan bá tún sọ fún yín lónìí pé NOUN ò ní NYSC, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Àmọ́ ẹ má gbé òfin NOUN lọ fún ilé ìwé míì o, part-time ò ní NYSC, tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ṣe distance learning ní yunifásítì tó jẹ́ pé kíláàsì ló ń ṣe gan-an, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Law ni ibi tó ti dun àwọn èèyàn jù. NOUN gba àwọn ọmọ sí LL.B., wọ́n kàwé, wọ́n jáde, Council of Legal Education ní àwọn ò ní gbà wọ́n sí Law School, pé òfin kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń kọ́ láti òkèèrè. Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún kàwé, tó ti rán aṣọ lọ́yà lọ́kàn ẹ̀. Ọdún lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, NOUN dá gbígba ọmọ tuntun sí law dúró, wọ́n sì wá padà ṣètò remedial, ẹ̀kọ́ àfikún, fún àwọn tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n lè ráyè wọ Law School. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé sátífíkéètì yunifásítì ọ̀tọ̀, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Kọ́ọ̀sì yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún èèyàn níwèé àṣẹ iṣẹ́ yẹn, TRCN fún tíṣà, Nursing Council fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì wo orí ìkànnì NUC bóyá kọ́ọ̀sì náà ní accreditation, ìyẹn ìfọwọ́sí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí fóònù.

Owó, mi ò ní dá iye kan torí ó ń yí padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn èèyàn ń wo owó sẹmẹ́sítà nìkan, wọn kì í ka dátà, títẹ ìwé jáde (ẹlòmíì ò lè ka PDF lórí fóònù kékeré, ojú á máa ro ó), owó project ní ìparí, àti owó ọkọ̀.

Owó ọkọ̀ yìí ló gbé mi dé Kwara South. Ẹni tó wà ní Tanke lè wọ kẹ̀kẹ́ lọ ṣe ìdánwò, kó sì padà sílé jẹun ọ̀sán. Ẹ wá wo tíṣà kan tó ń gbé ní Èrúkù tàbí Ìlofà tó jẹ́ pé Ìlọrin ló yàn. Ìdánwò kì í ṣe ọjọ́ kan, ó lè tàn kálẹ̀ sórí ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè kọ́ọ̀sì kan, Ọjọ́bọ̀ òmíì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ méjì. Á ti jí ní òru, á wọ mọ́tò gba Òmù-Àrán, gba Àjàṣẹ́-Ìpo, á sọ̀ ní Offa Garage, á wọ òmíì, kó tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ó ti rẹ̀ ẹ́. Àbí kó wá ẹni tó máa gbà á sílé ní Ìlọrin fún gbogbo àkókò yẹn, ta ló máa bá a tọ́jú kíláàsì ẹ̀?

Ọ̀nà náà kò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èrúkù ní November 2025, tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ, kí Ọlọ́run tó bá wa gbà wọ́n padà. Láti ìgbà yẹn, obìnrin tó bá ní òun ń jáde ní aago mẹ́rin àárọ̀ torí ìdánwò, ọkọ ẹ̀ máa kọ̀, mi ò sì lè bá ọkọ ẹ̀ wí. Ilé ìwé tó yẹ kó bá èèyàn nílé ti tún di ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀mí wéwu lọ ṣe. Wàhálà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà wà níbẹ̀, àwọn ìlú kan wà nínú Ìsin àti Ifẹ́lódùn tó jẹ́ pé orí òkè lèèyàn máa gùn kí TMA tó ṣí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá ń ja ìjà "ṣé sátífíkéètì ẹ̀ tó," ìjà tó ti parí ló ń jà. Ìjà tó kù ni bí study centre àti ibi ìdánwò ṣe máa sún mọ́ àwọn tó nílò ẹ̀ jù lọ. Ọ̀nà sì wà. NOUN máa ń fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń pè ní community study centre, ìlú tàbí ọmọ ìlú kan á gbé ilé kalẹ̀, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì sí i, yunifásítì á wá yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá tó, wọ́n á fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Ìlú kékeré lóríṣiríṣi ní Nàìjíríà ti gba tiwọn báyẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní Kwara South lágbára, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ODU, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà, ti wà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, àwọn ará Òmù-Àrán, Òró, Ẹ̀sìẹ́, Ìgbàjà, gbogbo wọn ń ṣe ọjọ́ ìlú lọ́dọọdún, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn yẹn, ìnáwó ló wà fún, ọjọ́ tó kù ó wà ní títì. Ìlú tí kò bá tíì ní study centre tí kò jìnnà sí i, kí ẹ̀yin àgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí yunifásítì náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ilé, iye kọ̀ǹpútà, irú iná, irú ààbò. Ẹ ka iye tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ kánsù tó wà ní agbègbè yín tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́, torí iye yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Bí ìlú kan ò bá dá a ká, ìlú mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀, kí wọ́n fi í sí ojú títì tí mọ́tò ń gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti sún mọ́ tòsí.